Lílọ Wo Ẹyẹ Òkun ní Erékùṣù Farne: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Wáyé Lemọ́lemọ́ àti Ìdáhùn Wọn

Níbo ni Erékùṣù Farne wà?

Erékùṣù Farne jẹ́ àkójọ àwọn erékùṣù kéékèèké tó wà nínú Òkun Àríwá, ní iwájú etíkun Northumberland, ní apá ibi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ààlà Scotland. Iye wọn kì í dúró sójú kan. Nígbà tí òkun bá kún, díẹ̀ ni ó máa ń yọrí. Nígbà tí òkun bá fà, àwọn àpáta tó ti rì á tún hàn, wọn á sì tó 28. Òkúta dúdú líle ni gbogbo wọn. Inner Farne ni ó sún mọ́ ilẹ̀ jù nínú wọn, nǹkan bíi kìlómítà 2.5 sí etíkun.

Àjọ National Trust, tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti ilé àtijọ́, ni ó ni àwọn erékùṣù náà láti ọdún 1925. Àwọn olùṣọ́ àjọ náà máa ń gbé níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, nínú ilé ìṣọ́ àtijọ́ kan tó wà lórí Inner Farne. Yàtọ̀ sí wọn, ẹyẹ ni ó ni ilẹ̀.

Irú ẹyẹ wo ni a ó rí?

Puffin ni ó ń fa ọ̀pọ̀ àlejò wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ funfun, kò tóbi ju ẹyẹlé lọ, àgógó rẹ̀ sì nípọn, ó ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa. Ìgbà ìyéẹyin nìkan ni àgógó yìí máa ń tàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òtútù bá dé, èèpo aláwọ̀ tó wà lára rẹ̀ á bọ́ dànù, ẹni tó bá sì rí i lójú òkun nígbà náà lè má mọ̀ pé òun ni. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2024, tọkọtaya puffin tó wà ní gbogbo Farne tó nǹkan bíi 50,000.

Guillemot àti razorbill máa ń dúró gbọnrangandan lórí àpáta, wọ́n sì máa ń fún ara wọn débi pé àyè kì í sí fún ẹsẹ̀. Kittiwake kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó máa ń fi ẹrẹ̀ àti koríko mọ ìtẹ́ mọ́ ara ògiri àpáta, orúkọ ara rẹ̀ ni ó sì máa ń ké láti àárọ̀ di alẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ òkun kan tún wà tó ń jẹ́ eider. Abo rẹ̀ máa ń sàba lórí ẹyin ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láìmira, àwọn ará Northumberland sì máa ń pè é ní pẹ́pẹ́yẹ Cuddy, nítorí Cuthbert, ẹni mímọ́ tó gbé lórí erékùṣù yìí, tó sì kú síbẹ̀ ní 687.

Ẹyẹ kan wà tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń fojú fò, èmi kò sì mọ ìdí rẹ̀: shag. Lókèèrè, ẹyẹ dúdú lásán ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí ìtòsí ibi tí ènìyàn ń gbà kọjá, bí ẹ bá sì dúró díẹ̀, ẹ ó rí i pé àwọ̀ ewé ni ó ń kọ mànà lára ìyẹ́ rẹ̀, àti pé ojú rẹ̀ gan-an jẹ́ àwọ̀ ewé tó mọ́ gaara.

Oṣù wo ni ó dára jù láti lọ?

Láti àárín oṣù Karùn-ún títí di ìdajì oṣù Keje. Puffin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ìparí oṣù Kẹta àti nínú oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn wọ́n lè wà lórí ilẹ̀ lónìí kí wọ́n má sì sí níbẹ̀ lọ́la. Arctic tern, ẹyẹ òkun kékeré kan, máa ń dé nínú oṣù Karùn-ún. Oṣù Kẹfà ni gbogbo wọn máa ń pé, tí ẹyin ń pa, tí àwọn òbí sì ń gbé ẹja wọlé fún ọmọ.

Àṣìṣe tí àwọn òbí máa ń ṣe ni pé wọn á dúró de ìgbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi gígùn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹjọ, púpọ̀ jù lọ nínú puffin àti guillemot ti padà sójú òkun, àpáta tó kún fọ́fọ́ á sì ti ṣófo. Bí ó bá jẹ́ pé àkókò ìsinmi nìkan ni àyè yọ, ìsinmi ọlọ́sẹ̀ kan tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù Karùn-ún ni kí ẹ lò.

Báwo ni a ṣe ń dé ibẹ̀ láti London tàbí Newcastle?

Abúlé Seahouses ni èbúté tí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó ń bọ̀ láti London lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní King's Cross lọ sí Alnmouth tàbí Berwick-upon-Tweed. Bọ́ọ̀sì X18, tó ń lọ láàárín Newcastle àti Berwick, máa ń gba Seahouses kọjá. Bọ́ọ̀sì náà kò yára, kì í sì í pọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí náà ẹ wo àkókò rẹ̀ kí ẹ tó san owó ọkọ̀ ojú omi. Ó ṣòro láti lọ láti London kí a sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ sùn sí Seahouses tàbí Newcastle.

Láti èbúté dé Inner Farne gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ kì í sáré lọ tààrà. Wọ́n á kọ́kọ́ yí ká àwọn àpáta, wọ́n á fi àwọn ajá òkun hàn yín, wọ́n á sì kọjá lẹ́bàá ilé iná Longstone, níbi tí Grace Darling, ọmọ olùtọ́jú iná, ti bá bàbá rẹ̀ wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n jáde ní ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án, 1838, láti gba àwọn tí ọkọ̀ Forfarshire wọn fọ́ là.

Ṣé owó ẹ̀ẹ̀kan náà ni a ń san?

Rárá, ọ̀nà méjì ni. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń gba owó ọkọ̀, àjọ National Trust sì ń gba owó gígúnlẹ̀ tiwọn lọ́tọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àjọ náà kì í san èkejì, bí ó bá mú káàdì rẹ̀ dání. Ọ̀pọ̀ ti dé èbúté kó tó mọ̀ pé ìrìnàjò tí òun san owó rẹ̀ jẹ́ èyí tó ń yí ká erékùṣù láìgúnlẹ̀. Ẹ ka ohun tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Kí ni kí a wọ̀?

Aṣọ òtútù àti èyí tí òjò kò lè gbà wọlé, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn ní ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ Òkun Àríwá kì í mọ oṣù Kẹfà yàtọ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ ṣe pàtàkì, nítorí omi àti ìgbẹ́ ẹyẹ máa ń wà lórí àtẹ̀gùn èbúté.

Fìlà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́, dandan ni. Kí ó nípọn, kí ó sì lè dúró lórí bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Gèlè kò ní ṣe é, abetí ajá sì lè di ti òkun kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Ẹ má wọ aṣọ tí ẹ fẹ́ràn jù, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ ni ó ń fò lókè yín, kò sì sí èyí tí ó ń wo ibi tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń bọ́ sí. Òórùn ibẹ̀ dà bí ti ilé adìyẹ tí wọn kò gbá fún oṣù kan, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lábẹ́ àpáta tí afẹ́fẹ́ ń gbá wá sọ́dọ̀ yín. Imú yín á mọ́ ọn lára láìpẹ́.

Kí ló dé tí àwọn ẹyẹ kan fi ń sọ ènìyàn lórí?

Arctic tern ni. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Orí ilẹ̀ gbalasa ni ó máa ń yé sí, nígbà mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ pákó tí àlejò ń tẹ̀ gan-an, ẹyin rẹ̀ sì ní tótòtó tó jọ òkúta débi pé ènìyàn lè tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń lé gbogbo ohun tó bá sún mọ́ ọn. Á kọ́kọ́ ké lókè orí yín, á rọ̀ sójú kan nínú afẹ́fẹ́, á sì já wálẹ̀ lójijì láti fi àgógó rẹ̀ tó mú ṣóńṣó gún àtàrí. Ẹ̀jẹ̀ lè jáde lórí ẹni tí kò dé fìlà.

Ibi tó ga jù lára ènìyàn ni ó máa ń kọlù, nítorí náà ọwọ́ kan tí ẹ bá nà sókè díẹ̀ lè gba orí là. Ẹ má ju ọwọ́, ẹ má fi àpò lé e, ẹ má sì sáré, nítorí ẹni tó ń sáré kì í wo ilẹ̀. Ẹ máa rìn lọ ní jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá ti kọjá ìtẹ́ rẹ̀, á padà lẹ́yìn yín.

Ṣé a lè mú ọmọdé àti àgbàlagbà lọ?

Ọmọdé máa ń gbádùn rẹ̀ gan-an, bí a bá ti sọ ọ̀rọ̀ tern fún un kó tó débẹ̀. Ẹ di ọwọ́ ọmọ kékeré mú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà lórí pákó àti ní etí àpáta. Ajá kì í gúnlẹ̀ rárá.

Ní ti àwọn àgbà, rírìn lórí erékùṣù kò le tó bíbọ́ láti inú ọkọ̀, torí ọkọ̀ á máa mì, àtẹ̀gùn á sì tutù. Bí orúnkún bá ń dun Màmá, ìrìnàjò tí kì í gúnlẹ̀ ni ó yẹ wọ́n jù, kò sì sí ohun tí wọ́n pàdánù púpọ̀ níbẹ̀, nítorí láti inú ọkọ̀ ni a ti ń rí àwọn àpáta guillemot dáadáa jù.

Ṣé dandan ni kí a ní awò ìwòran tàbí kámẹ́rà ńlá?

Kò pọn dandan. Lórí Inner Farne, ẹyẹ máa ń sún mọ́ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí fóònù fi lè ya fọ́tò tó dára. Awò ìwòran, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bínókúlà, wúlò nínú ọkọ̀ láti wo orí àpáta gíga. Ẹ má lo iná kámẹ́rà, ẹ má sì mú dróònù wá, nítorí kò sí ààyè fún un níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya puffin tó gbé ẹja lẹ́nu kí ó dúró sójú kan, kí ó dojú kámẹ́rà kọ ẹnu ihò kan, kí ó sì dúró de ẹyẹ. Ẹni tó ń tẹ̀lé ẹyẹ kiri kì í rí i yà.

Kí ló dé tí a kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí pákó, nígbà tí a kò rí ìtẹ́ kankan lórí koríko?

Nítorí pé abẹ́ koríko náà ni ìtẹ́ wà. Inú ihò ilẹ̀ ni puffin ń gbé. Ó lè gbẹ́ ihò náà fúnra rẹ̀, ó sì lè tún èyí tó ti lò lọ́dún tó kọjá ṣe. Ẹyin kan ṣoṣo ni ó máa ń yé sí ìparí ihò yìí, tọkọtaya á sì máa pín sísàba láàárín ara wọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n tó tún fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn bọ́ ọmọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ fúyẹ́, ó sì ti lu jára. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà kan lè wó òrùlé lé ọmọ àti ìyá lórí láìjẹ́ pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ ohun tó ṣe.

Ẹ dúró lórí pákó kí ẹ sì wo bí ẹyẹ ṣe ń wọlé. Puffin á ti ojú òkun bọ̀ pẹ̀lú ẹja tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ sandeel, á tò wọ́n sí ìbú àgógó rẹ̀, orí àwọn kan sí ọ̀tún, ìrù àwọn mìíràn sí ọ̀tún. Ẹ̀gún kéékèèké tó wà ní àjà ẹnu rẹ̀ ni ó máa ń di àwọn ti ìṣáájú mú nígbà tí ó bá ń ya ẹnu láti tún pa òmíràn. Ní ẹ̀gbẹ́ ihò, àwọn gull olórí dúdú ti dúró dè é. Bí puffin bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì ṣiyèméjì, wọ́n á rọ́ lù ú, wọ́n á já ẹja náà gbà, ọmọ inú ihò á sì tún dúró de ìrìnàjò mìíràn. Ìdí nìyí tí puffin fi máa ń balẹ̀ tí á sì wọ ihò lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Báwo ni ẹyin guillemot kò ṣe ń yí bọ́ sínú òkun?

Guillemot kì í tẹ́ ìtẹ́ kankan. Orí àpáta lásán ni ó ń yé ẹyin kan ṣoṣo sí, ẹyin náà sì rí ṣóńṣó ní ẹ̀gbẹ́ kan. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ìrísí yìí ló ń jẹ́ kí ẹyin yí po lójú kan dípò kó yí lọ. Tim Birkhead, onímọ̀ ẹyẹ ní Yunifásítì Sheffield, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti ta ko èyí: lójú tiwọn, ìrísí náà ń jẹ́ kí ẹyin fara lé orí àpáta tó dagun, kí ó sì dúró láti ìbẹ̀rẹ̀. Àlàyé kejì yìí ni ó tẹ́ mi lọ́rùn jù. Àwọ̀ àti ìlà ara ẹyin kọ̀ọ̀kan tún yàtọ̀, èyí tó ń ran òbí lọ́wọ́ láti mọ tirẹ̀ láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ẹni tó bá lọ ní ìparí oṣù Kẹfà lè rí ohun tó yani lẹ́nu. Nígbà tí ọmọ bá pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí kò tíì lè fò, bàbá rẹ̀ á bọ́ sínú omi, á máa pè é, ọmọ náà á sì bẹ́ láti orí àpáta lọ bá a. Bàbá ni yóò máa tọ́ ọ lójú òkun láti ìgbà náà lọ.

Ṣé a lè mú ẹyin, ìyẹ́ tàbí òkúta wálé fún ìrántí?

Ẹyin, rárá. Òfin Wildlife and Countryside Act ti 1981 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti mú ẹyin ẹyẹ ìgbẹ́ tàbí láti ba ìtẹ́ tí wọ́n ń lò jẹ́. Ẹ fi ìyẹ́ àti òkúta náà sílẹ̀.

Ǹjẹ́ àrùn ẹyẹ tí a gbọ́ nípa rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀?

Ní 2022, àrùn tí àwọn ènìyàn ń pè ní bird flu pa àwọn ẹyẹ Farne nípakúpa. Òkú ẹyẹ tí àwọn olùṣọ́ kó lọ́dún yẹn lé ní 6,000, láìka àwọn tó kú sínú òkun. Wọ́n ti erékùṣù mọ́ àlejò nínú oṣù Keje ọdún náà, Inner Farne kò sì tún ṣí fún gígúnlẹ̀ títí di oṣù Kẹta 2024.

Àrùn náà lè padà, nítorí náà ẹ tẹ̀lé ohunkóhun tí àwọn olùṣọ́ bá ní kí ẹ ṣe, ì báà jẹ́ fífọ ìsàlẹ̀ bàtà tàbí pípadà sínú ọkọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ẹyẹ tó ń ṣàìsàn tàbí tó ti kú, ẹ sọ fún olùṣọ́. Ẹni tó bá ń sin adìyẹ nílé kí ó fọ bàtà àti aṣọ rẹ̀ kí ó tó wọ ọgbà wọn.

A san owó láti gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò gúnlẹ̀. Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni?

Ó ṣeé ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Kò sí èbúté ńlá níbẹ̀, bí ìgbì bá sì ń gbé ọkọ̀ lu àtẹ̀gùn, awakọ̀ ni ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Nígbà mìíràn ojú ọjọ́ á dára ní Seahouses, òkun á sì ti ru ní ẹ̀yìn erékùṣù. Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń dá owó padà kí ẹ tó wọlé, ẹ sì fi ọjọ́ kejì pamọ́ bí ààyè bá wà.

Ṣé ìbẹ̀wò wa gan-an kò ń da àwọn ẹyẹ láàmú?

Ó lè dà wọ́n láàmú, ó sinmi lé ìwà wa. Àwọn tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ pákó ti mọ ènìyàn tó ń rìn ní ọ̀nà kan náà lára. Ohun tí wọn kò mọ̀ lára ni ẹni tó tẹ̀ síwájú díẹ̀ nítorí fọ́tò. Bí eider bá gbé ọrùn sókè tí kò sì dá a padà, tàbí tí shag bá ń ya ẹnu, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Bí ẹyẹ bá dìde lórí ẹyin nítorí yín, òtútù ń wọ ẹyin náà, gull sì ń wò ó láti òkè.

Ìṣòro tó tóbi ju ti àlejò lọ ni oúnjẹ. Òkun ń gbóná sí i, sandeel sì ń dín kù. Àwọn ọkọ̀ ńlá tún ń kó ẹja kékeré yìí láti lọ̀ ọ́ fún oúnjẹ ẹran ọ̀sìn àti ẹja ọ̀sìn. Láti òpin oṣù Kẹta 2024 ni ìjọba ti fòfin de pípa sandeel nínú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Òkun Àríwá àti nínú gbogbo omi Scotland.

Ǹjẹ́ àwọn ẹyẹ yìí máa ń dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà?

Àwọn kan ń dé. Sandwich tern, tó dúdú lórí, tí ṣóńṣó àgógó rẹ̀ sì yẹ́lò, máa ń lo ìgbà òtútù ní etíkun wa. Ẹni tó bá dúró sí etíkun Èkó ní àsìkò ọyẹ́ lè rí i níbi tó ti ń já sínú omi láti pa ẹja.

Arctic tern kì í dúró, ọ̀nà rẹ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Newcastle so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹsẹ̀ àwọn tern Farne. Ọ̀kan nínú wọn kúrò nínú oṣù Keje 2015, ó tọ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí ìsàlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ó gba Òkun Íńdíà dé Antarctica, ó sì padà sí Farne nínú oṣù Karùn-ún 2016. Gbogbo ìrìn náà jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 96,000. Ọmọ tern mìíràn tí wọ́n fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ ní Farne nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1982, kó tó lè fò, ni wọ́n rí ní Melbourne, Ọsirélíà, nínú oṣù Kẹwàá ọdún kan náà.

Kí ni kí a ṣe bí a bá rí ẹyẹ tó ní òrùka lẹ́sẹ̀ ní etíkun nílé?

Bí ẹyẹ náà bá wà láàyè, ẹ má yọ òrùka náà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti onírúurú ẹ̀gbẹ́ kí nọ́ńbà ara rẹ̀ lè hàn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹyẹ máa lọ. Bí ó bá ti kú, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbá a mú; ẹ ka lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà lórí òrùka, ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti rí i àti ipò tó wà sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òrùka ni ó ní àdírẹ́sì tàbí orúkọ ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì lára. Ẹ lè fi ìròyìn náà ránṣẹ́ síbẹ̀, tàbí sí EURING, tó ń da ìròyìn òrùka ẹyẹ pọ̀ káàkiri Yúróòpù. Wọ́n sábà máa ń fèsì, wọ́n á sì sọ ọjọ́ tí wọ́n fi òrùka náà sí i àti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ ṣàlàyé fún àwọn ọmọ etíkun pé kò sí owó lára irin náà, àti pé nọ́ńbà ara rẹ̀ nìkan ni ó níye lórí, nítorí ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá ti gbà pé irin náà ṣeé tà, ẹyẹ mìíràn ni wọn yóò máa dẹ okùn fún.